Ẹnu àti Ìrántí: Àwọn Ará Ilé Tẹlifíṣọ̀n àti Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Wa

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti máa jiyàn lé lórí, òun náà sì ni pé: ǹjẹ́ ẹni tí ó ti lo ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lè di ojúlówó olùkọ́ ní yunifásítì? Àwọn kan ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní eré ni tẹlifíṣọ̀n, ìmọ̀ ni yunifásítì. Wọ́n ní ẹni tí ó ti mọ́ lára láti máa dá àwọn ènìyàn lára yá kò ní sùúrù ìwé. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an ni kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ kí ó yé ará ọjà. Èmi kò fẹ́ fi ariwo dá sí iyàn yìí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n mú díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti rin ọ̀nà náà, ìbáà ṣe àlọ, ìbáà ṣe àbọ̀, kí n wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí n sì sọ ohun tí mo rí níbẹ̀, dídùn àti kíkan.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ọmọ Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n. Ní Ìgbẹ́mọ̀, ìlú tèmi, ohun méjì ni a fi ń yangàn: ìrẹsì wa, tí òkìkí rẹ̀ ti kọjá ilẹ̀ Èkìtì, àti àwọn ọmọ wa tí wọ́n kàwé. Káàkiri Èkìtì ni oyè ọ̀jọ̀gbọ́n ti wúwo lójú àwọn ènìyàn bí oyè ìjòyè. Bí wọ́n bá ní ọmọ lágbájá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ìyá rẹ̀ yóò jó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ọmọ lágbájá ti di ọ̀gá nílé tẹlifíṣọ̀n, wọn a ní, "Ó dára o, yóò máa hàn sí wa." Bẹ́ẹ̀ bí alẹ́ bá lẹ́, ta ni ìyá náà ń wò, ta ni ó sì ń gbọ́? Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìhín ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ìtàn tí a máa ń gbọ́ ni pé ní ọdún 1953, Gómìnà Macpherson bá ẹgbẹ́ Olóyè Awólọ́wọ̀ wí lórí rédíò, wọn kò sì jẹ́ kí Olóyè náà dé orí rédíò kan náà láti fèsì; láti ọjọ́ náà ni ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ pé kí ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní ẹnu tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹnu ni a wá, kì í ṣe ojú. Ilé náà fi ara rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ó tọ́ kí àwa tí ń kẹ́kọ̀ọ́ má ṣe gbé gbólóhùn náà mì láìjẹ ẹ́: tẹlifíṣọ̀n ti wà ní Mòrókò láti ọdún 1954. Àkọ́kọ́ ni ti Ìbàdàn láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, èyí náà kò sì kéré.

Ṣùgbọ́n èdè wo ni ẹnu tuntun náà ń fọ̀? Ìbéèrè yìí ni ó ká mi lára jù. Ní ọdún 1960 ni wọ́n fi eré Wọlé Ṣóyínká kan hàn níbẹ̀, *My Father's Burden*, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Olóyè Ṣẹ́gun Olúṣọlá, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń ṣe ètò ní WNTV, ni ó wá dá *The Village Headmaster* sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1968. Abúlé Yorùbá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé, ọba Yorùbá ni ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọba náà ń sọ fún àwọn ìjòyè rẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀: gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n fẹ́ kí ó gbọ́. Síbẹ̀, ọba tí ń fi èdè àlejò dájọ́ láàfin ara rẹ̀, àwòrán wa gan-an ni. Àwọn òṣèré alárìnjó ni wọ́n mú èdè wa wọ inú àpótí náà dáadáa: Dúró Ládiípọ̀ pẹ̀lú *Bódé Wáàsinmi*, Oyin Adéjọbí pẹ̀lú *Kóòtù Aṣípa*, Moses Ọláìyá pẹ̀lú àwàdà rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí ó wá láti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì.

Ẹni tí mo fẹ́ kí a wò fínnífínní ni Alàgbà Adébáyọ̀ Fálétí, tí wọ́n wọ WNTV nígbà tí ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni títún fíìmù tò àti títọ́jú ibi ìkó-fíìmù-sí. Nígbà tí ó yá, wọ́n di ọ̀gá pátápátá ní ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí bí ohun tí Alàgbà Fálétí fi ń jẹun, kí wọ́n tó wá ka àwọn ìwé wọn bí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní iṣẹ́ náà wọ inú àwọn ìwé náà lọ.

Kí ni ẹni tí ń tún fíìmù tò ń ṣe? Àwa ará Ìgbẹ́mọ̀ kò ní jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Bí a bá ti pa ìrẹsì tán, ẹnìkan yóò jókòó ti atẹ, yóò máa fẹ́ ẹ, yóò máa ṣa òkúta inú rẹ̀. Kì í ṣe òun ni ó gbìn ín, kì í sì í ṣe òun nìkan ni yóò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n bí kò bá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa, eyín onílé àti àlejò ni yóò gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni atún-fíìmù-tò: ó ń wo ohun tí ẹlòmíràn yà, ó ń gé, ó ń so, ó ń bi ara rẹ̀ pé, "Ta ni ó yẹ kí ojú wa wà lára rẹ̀ nísinsìnyí, ìgbà wo ni a ó sì kúrò?"

Ẹ wá mú *Ọmọ Olókùn Ẹṣin*, tí ó jáde ní ọdún 1969, mẹ́wàá ọdún lẹ́yìn tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn àwọn tí a mú sìn tí wọ́n ń wá òmìnira ni. Nínú ìwé Fágúnwà, akọ́wé kan ni ó máa ń jókòó, akọni kan ni ó sì máa ń pìtàn fún un; ẹnu akọni náà ni ohun gbogbo ti ń jáde. Ti Fálétí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹni ju ẹyọ kan lọ ni ìtàn náà ti ń wá; bí ọ̀kan bá sọ ọ́ dé ibì kan, òmíràn á gbà á, a ó sì rí ọ̀rọ̀ náà láti ìhà kejì. Èmi gbà pé ọwọ́ atún-fíìmù-tò ni a ń rí níhìn-ín. Ó ti mọ̀ pé ojú kan kò lè rí ogun tán. Ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí ó gé ọ̀rọ̀ sí, kí ọkàn òǹkàwé lè máa fò sókè.

Bákan náà ni *Baṣọ̀run Gáà* ti ọdún 1972. Gbogbo wa mọ ìtàn náà: Gáà, Baṣọ̀run Ọ̀yọ́, tí ó ń fi Aláàfin jẹ tí ó sì ń pa wọ́n, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Ibi tí ó gún ọkàn jù nínú eré náà ni ti Agbọ́nyìn, ọmọbìnrin Abíọ́dún. Gáà ń wá àgbọ̀nrín tí yóò fi rúbọ, kò rí i. Ó wá ní orúkọ ọmọ ọba kò yàtọ̀ sí ti ẹranko náà, ó sì ní kí wọ́n mú un wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn èdè yóò dákẹ́ níbẹ̀, yóò ronú. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó jẹ́ àwàdà lásán ni ẹni tí agbára ń pa bí ọtí sọ di ọ̀bẹ. Alàgbà Fálétí kò dúró ṣe àlàyé rẹ̀. Wọ́n kàn fi hàn wá. Olùkọ́ ì bá ṣàlàyé.

Síbẹ̀ mo ní ẹ̀sùn kan. Ẹnu Gáà dùn jù nínú eré yìí. Oríkì, òwe àti àfọ̀ṣẹ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òǹwòran fi ń ṣàtẹ́wọ́ fún un ní ibi tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù rẹ̀. Abíọ́dún, tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìrètí wa, kò ní ìdajì ọ̀rọ̀ tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ewu ilé tẹlifíṣọ̀n ni mo pe èyí: ẹni tí ó bá ti mọ bí a ṣe ń mú kí òǹwòran má dìde lórí ìjókòó, yóò ṣòro fún un láti dín adùn kù nítorí òtítọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú sí ẹni tí ó gba ọ̀nà kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí wọ́n tó yí sí èdè Yorùbá. Ìtùnú ńlá ni èyí jẹ́ fún irú wa tí ń kọ́ èdè oríṣiríṣi, tí àwọn ará ilé sì ń bi wá pé kí ni a ó fi ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti kọ *Ẹfúnṣetán Aníwúrà*, tí ó jáde ní ọdún 1970. *Ó Le Kú* tẹ̀ lé e ní ọdún 1974. Wọ́n kọ́ni fún ọdún púpọ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1991. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá kó lọ sídìí sinimá pẹ̀lú Túndé Kèlání: *Ó Le Kú* di fíìmù ní ọdún 1997, *Ṣaworoidẹ* tẹ̀ lé e ní ọdún 1999, *Agogo Èèwọ̀* ní ọdún 2002.

Bí ẹnìkan bá ní ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó lọ ń kọ eré sinimá ti bọ́ láti orí ẹṣin sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kí ó lọ wo *Ṣaworoidẹ*. Ìlú Jogbo ni ó dá lé, níbi tí ọba tuntun, Lápité, ti kọ̀ láti ṣe ìmùlẹ̀ tí ó so adé mọ́ ìlù àti ìlú, nítorí kí ó lè rí owó kó. Kò sí ẹ̀kọ́ lórí ìjọba tí a lè kọ́ ní kíláàsì tí ó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wò ó: ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó kọ ọ́, Kèlání tí ó darí rẹ̀ ti ya fíìmù fún ilé tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn rí, Alàgbà Fálétí ni wọ́n sì ṣe Ọ̀pálábá, arúgbó tí ń fi òwe àti àlọ́ kìlọ̀ fún ààfin. Ìdí rèé tí mo fi ní ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò tọ̀nà. Kì í ṣe ilé méjì tí ń bá ara wọn jà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìṣọ̀lá pẹ̀lú. Ẹfúnṣetán inú eré kì í ṣe Ẹfúnṣetán inú ìtàn. Nínú eré, ó burú bí ìkòokò. Ó pa Adétutù, ẹrú rẹ̀ tí ó lóyún. Nígbà tí Látòósà sì mú un, májèlé ni ó fi pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí ó jáde ní ọdún 1921, a ó rí i pé ní ọdún 1874 àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n pa Ìyálóde náà lóru, lẹ́yìn tí Látòósà ti gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ti ra Kúmúyílọ̀, ẹni tí ó fi ṣe ọmọ, mọ́ ọn. Obìnrin tí ó ní owó àti ohun ìjà, tí kò sì dákẹ́ nípa ogun tí ń jẹ ìlú run, ni wọ́n dìtẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin onímọ̀ ti tẹnu mọ́ èyí, ó sì tọ́ kí àwa náà gbọ́.

Òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ láti yí ìtàn padà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ó ti wà nínú ìwé nìkan, ẹni tí ó kà á lè ka ti Johnson pẹ̀lú, kí ó fi wọ́n wé ara wọn. Nígbà tí wọ́n ti ṣe é lórí ìtàgé níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, tí ó sì ti di sinimá, kò sí ẹni tí ń béèrè mọ́. Títí di òní, bí obìnrin kan bá le ní àdúgbò, Ẹfúnṣetán ni wọn yóò pè é. Ìwé fẹ̀sùn kàn án. Àwòrán dá a lẹ́bi. Níhìn-ín ni iṣẹ́ yunifásítì ti wúlò: kí ẹnìkan wà tí yóò máa padà lọ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an, kódà bí ẹni tí ó kọ eré náà bá jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n.

A tún rí irú kẹta, ẹni tí ó ti ipò ọ̀gá bọ́ sí kíláàsì. Ọ̀mọ̀wé Christopher Kọ́ládé, ọmọ Ẹ̀rìn-Òkè, ni olórí àgbà fún Nigerian Broadcasting Corporation ní àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ Cadbury, wọ́n sì ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀ kíláàsì ni wọ́n yàn láàyò, wọ́n kọ́ àwọn àgbà ilé iṣẹ́ ní Lagos Business School bí a ṣe ń fi òtítọ́ ṣe olórí, títí wọ́n fi di arúgbó kí wọ́n tó papò dà ní ọdún 2025. Irú èyí kò fi ìwé ìtàn tàbí eré sílẹ̀ fún wa láti yẹ̀ wò; ìgbé ayé wọn ni ìwé tí wọ́n ń kà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ṣe àríwísí rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu a máa bá afẹ́fẹ́ lọ bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Gbólóhùn yìí ni ó gbé mi dé ibi tí mo ń lọ. Tẹlifíṣọ̀n ni ẹnu wa. Yunifásítì ni ó yẹ kí ó jẹ́ ìrántí wa. Ẹnu tí kò ní ìrántí yóò máa sọ àsọtúnsọ. Ìrántí tí kò ní ẹnu yóò kú sínú àpótí. Ọ̀pọ̀ nínú eré tí a ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 ni a kò lè rí wò mọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe àwọn mìíràn láìgbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì pa àwọn mìíràn rẹ́ kí wọ́n lè tún téèpù náà lò. Ìdí nìyí tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ìwé Alàgbà Fálétí, tí a kò sì lè kọ ojú ìwé kan ṣoṣo lórí fíìmù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gé. Ẹni tí ó ṣọ́ fíìmù fún WNTV mọ̀ ju gbogbo wa lọ pé fíìmù a máa ṣègbé. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n kò fi dẹ́kun láti máa kọ ìwé.

Àdánù náà ju ti eré lọ fún àwa ará Èkìtì. Ìlú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni àwọn akọni méjì tí mo yẹ̀ wò yìí ti wá, èdè wọn sì sún mọ́ èyí tí ìwé ń lò. Ní ti wa, ulé ni a ń pe ilé, usu ni a ń pe iṣu. Tẹlifíṣọ̀n kì í sábà jẹ́ kí a gbọ́ èyí, àfi bí wọ́n bá fẹ́ fi ará oko rẹ́rìn-ín. Yunifásítì ń kọ ọ́ sínú ìwé gírámà, ṣùgbọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ fáwẹ̀lì. Ilé kan sọ ọ́ di àwàdà, ilé kejì sọ ọ́ di òkú tí a ń yẹ̀ wò. Àwọn arúgbó tí wọ́n mọ orin ìrẹsì àti ti ìsìnkú ní èdè Ìgbẹ́mọ̀ ń dín kù lọ́dọọdún.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá kúrò nílé tẹlifíṣọ̀n kan tí ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì, ìbáà ṣe ti Adó tí ó ti wà láti ọdún 1982, ìbáà ṣe ibòmíràn, ohun tí mo fẹ́ bi í kọ́ ni iye ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Mo fẹ́ bi í bóyá ó mú etí rẹ̀ wá, etí tí ó mọ ìgbà tí ará ilé bá ti sùn lọ. Mo fẹ́ bi í bóyá ó mú àwọn téèpù náà wá pẹ̀lú, tàbí ó fi wọ́n sílẹ̀ kí eruku jẹ wọ́n. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá sì fẹ́ lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n, kí ó má ṣe fi sùúrù ìwé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí adùn àwòrán má baà borí òtítọ́ tí ó fi ọdún púpọ̀ wá.

Alàgbà Fálétí papò dà ní oṣù keje ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìṣọ̀lá tẹ̀ lé wọn ní oṣù kejì ọdún 2018. Láàárín ọdún kan ṣoṣo ni a pàdánù ẹni tí ó mú iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wọ inú ìwé àti ẹni tí ó mú ìwé wọ inú àwòrán. Àwa tí ó kù ní ìwé wọn lọ́wọ́. Kí a kà wọ́n, kí a yìn wọ́n níbi tí ó yẹ, kí a sì bá wọn wí níbi tí ó yẹ, nítorí pé ẹni tí a kò bá lè bá wí mọ́, a ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹnìkẹ́ni nínú wa tí ó bá ní ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ gbé e lọ sílé nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, kí ó jókòó ti ìyá àgbà, kí ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ.